Ṣé Iṣẹ́ Wèrè Ni Sáíkọ́lọ́jì?

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí apá kejì ohun tí mo ń kọ lórí ohùn àárín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ọ̀rọ̀ kan ló wọlé tọ̀ mí wá ní Àkúrẹ́ níbí ní Sátidé tó kọjá, mi ò sì fẹ́ kó tutù kí n tó kọ ọ́.

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ mi àtijọ́, tó ti di olùkọ́ àgbà ní ìlú Oǹdó báyìí, ló gba ọ̀nà Òwènà wá sílé mi, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ náà ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mejì. Ìmọ̀ ìṣègùn ló ń fẹ́ kà. Lẹ́ẹ̀kíní, wọn ò fún un ní nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kejì yìí wọ́n fún un ní àyè, àmọ́ sáíkọ́lọ́jì ni wọ́n fún un. Ọjọ́bọ̀ ni bàbá ní òun fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti yanjú: bóyá kí ọmọ gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá kó fi sílẹ̀, kó jókòó sílé, kó tún ṣe JAMB ní ìgbà kẹta.

Bàbá rẹ̀ ò tíì mu omi tí a gbé fún un tó fi bẹ̀rẹ̀. “Prof, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ. Ṣé kí n wá san owó ilé-ìwé fún ọdún mẹ́rin gbáko, kí ọmọ mi lè máa sáré tẹ̀lé wèrè kiri ọjà?”

Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ẹ̀dá-èdè ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́, kì í ṣe sáíkọ́lọ́jì. Ṣùgbọ́n aládùúgbò ni ẹ̀kọ́ méjèèjì, wọ́n sì ti jà rí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú kíláàsì mi á rántí pé ní ọdún 1957, B. F. Skinner, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan láti fi hàn pé bí a ṣe ń kọ́ ẹyẹlé ní iṣẹ́, tí a ń fún un ní oúnjẹ bó bá ṣe é dáadáa, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ènìyàn ń gbà kọ́ èdè. Ní 1959 ni Noam Chomsky dá a lóhùn, tó ní ọmọdé ń sọ gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò sọ létí rẹ̀ rí. Ìjà yẹn ló jẹ́ kí n máa yọjú wo ọgbà aládùúgbò wa láti ìgbà náà. Nítorí náà, mo ní ohun tí mo lè sọ fún bàbá yìí. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ síbí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ti bi mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn èèyàn mẹ́ta kan sọ́tọ̀, torí wọ́n máa ń pò pọ̀ lẹ́nu wa. Ẹni àkọ́kọ́ ni dókítà ọpọlọ. Ìmọ̀ ìṣègùn lòun kọ́ ní yunifásítì, bí gbogbo dókítà. Ó ṣe iṣẹ́ ọdún kan ní ọsibítù, lẹ́yìn náà ló tún lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i láti kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Òun ló lè kọ oògùn, òun ló lè ní kí wọ́n fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́. Ẹnìkejì ni onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì. Kì í kọ oògùn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wádìí bí ènìyàn ṣe ń rí nǹkan, bó ṣe ń rántí, bó ṣe ń gbàgbé, bó ṣe ń bẹ̀rù, bó ṣe ń hùwà bó bá dá wà àti bó bá wà láàárín ẹgbẹ́. Díẹ̀ nínú wọn ló ń tọ́jú aláìsàn, ìyẹn náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba dìgírì kejì, tí wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà. Ẹnìkẹta ni olùdámọ̀ràn tí a ń rí ní ilé-ìwé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde.

Nígbà tí mo dé ibi olùkọ́ yìí ni mo rẹ́rìn-ín. Mo bi bàbá pé, “Nígbà tí ìwọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ta ló kọ́ ọ nípa ajá Pavlov?”

Ó kọ́kọ́ wò mí. Ó wá ní, “Ajá tó ń da itọ́ bó bá gbọ́ ohùn...”

“Ológbò Thorndike ńkọ́, tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí, tó ń wá ọ̀nà àtijáde? Piaget tó ní ọmọdé kì í ronú bí àgbà kékeré?”

“Wọ́n kọ́ wa.”

“Kí ni wọ́n pe ẹ̀kọ́ yẹn?”

Ọmọ ló dáhùn, tó ṣì ń wo ilẹ̀. “Sáíkọ́lọ́jì ni, sà.”

Òótọ́ ni. Kò sí olùkọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Nàìjíríà tí kò jẹ nínú oúnjẹ yìí. Ìlú Oǹdó gan-an ti ń fi í bọ́ àwọn ọmọ Yorùbá láti ìgbà tó ti pẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ Canon M. C. Adéyẹmí sọ, ẹni tó dá Ondo Boys’ High School sílẹ̀ ní 1919. Láti àárín ọdún 1960 sí 1970 ni ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí ọmọ ṣe ń mọ nǹkan, àti ohun tó ń fa kí òmíràn máa gbàgbé. Ó ti di yunifásítì ìjọba àpapọ̀ báyìí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé apá kan péré ni olùkọ́ ń kọ́, èyí tó kan kíláàsì rẹ̀. Ẹni tó bá lọ ka sáíkọ́lọ́jì fún dìgírì, odidi rẹ̀ ni yóò kọ́.

Kí wá ni odidi ọ̀hún? Níbí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú, torí wọ́n rò pé wọ́n ń lọ kọ́ bí a ṣe ń mọ ohun tó wà nínú ẹlòmíràn. Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá ìṣirò. Nígbà tí Wilhelm Wundt ṣí yàrá ìwádìí rẹ̀ ní ìlú Leipzig ní Jámánì ní 1879, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe wèrè ló kó síbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ka àkókò ló kó síbẹ̀. Ó fẹ́ mọ bó ṣe pẹ́ tó láàárín ìgbà tí etí gbọ́ ohùn àti ìgbà tí ọwọ́ tẹ nǹkan.

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní tó, ni mo bá ní kí ọmọ náà bá mi mú ìwé àti bírò mẹ́ta wá: dúdú, pupa, búlúù. Mo fi bírò pupa kọ “DÚDÚ”. Mo fi búlúù kọ “PUPA”. Mo fi dúdú kọ “BÚLÚÙ”. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń dà wọ́n rú títí wọ́n fi pé ogún. Lójú ewé kejì, mo kàn fi àwọn bírò náà fa ìlà lásán, ogún ìlà. Mo ní kí bàbá máa pe àwọ̀ bírò tó bá rí, kó má ka ọ̀rọ̀ o, kí ọmọ sì fi fóònù ka àkókò rẹ̀. Lórí ìlà lásán, bàbá sáré kọjá bí ẹni ń ka ABD. Lórí ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kọ́ lọ́nà. “Pupa, dúdú... rárá, búlúù... ẹ dúró ná.” Nígbà tó fi máa parí, ó ti gba bí ìlọ́po méjì àkókò ti ìṣáájú, ọmọ rẹ̀ sì ti ń rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé.

J. Ridley Stroop ló gbé irú àyẹ̀wò yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní 1935. Ohun tó ń fi hàn ni pé ìwé kíkà ti wọ ẹni tó mọ̀wé lára débi pé kò lè ṣe kó má kà á. Ojú ti ka ọ̀rọ̀ kí ó tó rántí pé àwọ̀ ni wọ́n ní kó pè. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé máa na olùkọ́ àgbà nínú eré yìí láìlàágùn, torí pé ìlà lásán ni ọ̀rọ̀ náà lójú tirẹ̀. (Ohun kan ṣoṣo ni pé ìyá lè pe búlúù ní dúdú, nítorí mẹ́ta ni àwọ̀ gidi tí èdè wa ní láti ìbẹ̀rẹ̀: dúdú, funfun, pupa. Ìwé Berlin àti Kay ti 1969 ti sọ pé bí èdè kan bá ní mẹ́ta péré, àwọn mẹ́ta yìí náà ni. Ẹ má jẹ́ kí n yà síbẹ̀.)

Bàbá ní òun gbà, àmọ́ kí ló kan ìṣirò nínú rẹ̀? Mo ní, ìwọ nìkan ló ṣe é. Bóyá oorun ò tó ọ lánàá ni. Bóyá ojú ń dùn ọ́. Kí n tó lè sọ nǹkan kan nípa ènìyàn, mo gbọ́dọ̀ wá ọgbọ̀n èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìdajì wọn kọ́kọ́ ṣe ti ọ̀rọ̀, kí ìdajì kọ́kọ́ ṣe ti ìlà, kí ó má baà jẹ́ pé ó ti rẹ̀ wọ́n ló fa ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa fi ìṣirò bi ara mi pé, ìyàtọ̀ tí mo rí yìí, ṣé ó lè ṣèèṣì wáyé lásán? Ìbéèrè yẹn ni ìṣirò tó ń ba àwọn ọmọ lẹ́rù wà fún. Ọmọ tí kò bá fẹ́ rí nọ́ńbà mọ́ láyé rẹ̀, kó má tan ara rẹ̀ lọ sáíkọ́lọ́jì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yege dáadáa nínú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ní ìdánwò àṣejáde girama, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì sì tún fẹ́ bàọ́lọ́jì. Ẹ wo ìwé ìlànà JAMB fún yunifásítì tí ẹ bá ń lọ, torí wọn ò rí bákan náà.

Ẹ̀kọ́ tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni fún ẹni tó bá gba JAMB wọlé. Láti bí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àjọ NUC ló ń fi ìdá 70 nínú 100 ohun tí wọn yóò kọ́ lélẹ̀ fún gbogbo yunifásítì, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ìdá 30 tó kù kún un. Wọ́n á kọ́ nípa ọpọlọ àti iṣan ara, nípa bí ọmọ ṣe ń dàgbà di àgbà, nípa bí èèyàn ṣe ń hùwà láwùjọ, nípa àìsàn ọkàn, nípa iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, nípa bí a ṣe ń ṣe ìdánwò tó ṣeé gbára lé. Lọ́dún kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe ìwádìí tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin, èyí tí ìjọba gbé láti Adó-Èkìtì wá sí Àkùngbá-Àkókó ní 1999, ní ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì. Ifẹ̀ ní i, Ìbàdàn ní i, Èkó ní i. Ẹni tó bá wá a lọ sí yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ kàn máa fi ẹsẹ̀ rìn lásán ni.

Ìwádìí ọdún kẹrin yẹn gan-an ló gbé mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan láti yunifásítì kan gbé ìwé ìbéèrè wá fún mi pé kí n bá òun yẹ Yorùbá rẹ̀ wò. Ìwé ìbéèrè náà ni wọ́n ń pè ní PHQ-9. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń bi èèyàn nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé oúnjẹ ń wọlé, ṣé nǹkan ṣì ń wù ọ́. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ sì lè dé 27. Bí máàkì bá ṣe ga tó ni a fi ń fura pé ìrẹ̀wẹ̀sì ti di àìsàn sí onítọ̀hún lára. Wọ́n ń lò ó káàkiri ayé. Àwọn oníwádìí tiẹ̀ ti gbé e wò lára akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006.

Ìbéèrè kejì, ní Gẹ̀ẹ́sì, lo ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí pé nǹkan lọ sísàlẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ọkàn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ìbànújẹ́ ló bá a. Ọmọkùnrin wa wá tú u báyìí: “Ǹjẹ́ ọkàn yín wálẹ̀?” Ó kọ́kọ́ gbé e fún àwọn ìyá mélòó kan ní àdúgbò wọn. Gbogbo wọn ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan tiẹ̀ fi kún un pé, “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wálẹ̀ dáadáa.” Ọmọkùnrin náà fún wọn ní máàkì gíga, ó wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìpayà pé àwọn ìyá àdúgbò òun ń ṣàìsàn.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ ni ibi ìsinmi ọkàn. Ìfọ̀kànbalẹ̀ là ń pe àlàáfíà. Ọkàn tó balẹ̀ ló dáa. Èyí tó ń fò sókè, tí kò rí ibi bà lé, òun ló ń ṣàìsàn. Àwọn ìyá náà dá a lóhùn ní òtítọ́. Ìbéèrè ló kọ orí kodò. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà yẹn ló lọ sínú kọ̀ǹpútà, kò sí ìṣirò kan láyé yìí tó máa sọ fún un pé ó ti ṣì í.

Ìgbà tí mo sọ ìtàn yìí ni ọmọbìnrin náà gbé orí sókè. Ó ní, “Bàbá, báwo wá ni ó ṣe yẹ kó bi wọ́n?”

Mo ní ohun tí a jọ kọ nígbà náà ni, “Ǹjẹ́ inú yín bàjẹ́, tàbí kí ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín, tàbí kó máa ṣe yín bíi pé kò sí ìrètí mọ́?” Lẹ́yìn náà, a wá ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí, a ní kó tú Yorùbá wa padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ká lè mọ̀ bóyá ibi tí a ti gbéra náà ni a padà sí. Ìyẹn sì ṣì kù díẹ̀ káàtó. Ẹ wo bí àwa Yorùbá ṣe ń kí ara wa. Bí o bá bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú ọ̀fọ̀ pé “Ṣé dáadáa ni?”, “A dúpẹ́” ló máa sọ. Ìdáhùn sí ìkíni nìyẹn. Kò tíì sọ bí ara ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ jókòó, kó jẹ́ kí ìkíni tán ná.

Àwọn tó wá ṣáájú wa ti bá ìṣòro yìí pàdé. Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú kan ní Àrò ní 1954. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, inú abúlé tó wà nítòsí ọsibítù ni ó ń gbé pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ kan, ó ń gba ìtọ́jú lójú mọmọ, ó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Nígbà tí Lámbò àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell wá ṣe ìwádìí káàkiri abúlé Yorùbá, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1963, wọn ò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó dúró fún àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹkún, àìlèjẹun, àníyàn, kí ayé sú èèyàn, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ará abúlé mọ̀. Àìsí orúkọ kì í ṣe àìsí àìsàn. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí ń gbóná, tí nǹkan ń rìn wọ́n lórí, tí wọ́n ń ka ìwé tí kò wọlé. Ó dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún un. Títí dòní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni, tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn kan náà tó gba ẹnu wa sọ̀rọ̀.

Èmi ò lè dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara wa sọ púpọ̀. Inú ló ń bí, inú náà ló ń dùn, òun náà ló ń bàjẹ́. Àyà ló ń já. Ojú ló ń tì. Iyè la fi ń rántí, bó bá ra, a gbàgbé. Ọpọlọ ló ń pé, òun ló ń dàrú. Ẹni tó bá gbé gbogbo èyí, tó kó o sábẹ́ “ọkàn” nìkan nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì lò, ó ti sọ nǹkan nù. Nígbà tí àwa onímọ̀ èdè ṣe ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìíní tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti apá kejì lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990, ọ̀rọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni la ṣe. Ìmọ̀ ẹ̀dá àti ìrònú rẹ̀ kò sí lára ohun tí a fi síwájú. Orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an ṣì ń fún mi ní wàhálà. Bí mo bá ní “ìmọ̀ ọkàn”, ó dún bí ìwàásù. Bí mo bá ní “ìmọ̀ ẹ̀mí”, àwọn wòlíì á ní tiwọn ni. Ẹ ti rí i pé “sáíkọ́lọ́jì” ni mo ń pè é látìbẹ̀rẹ̀. Ojú ń tì mí díẹ̀.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí bàbá gbọ́dọ̀ bi: iṣẹ́ ńkọ́? Mi ò purọ́ fún un. Dìgírì àkọ́kọ́ nìkan ò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tó lè ṣí ilé ìtọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn á tún kàwé sí i, owó á sì tún jáde. Àwọn mìíràn ń bá ilé-iṣẹ́ ṣe ètò òṣìṣẹ́, àwọn mìíràn ń bá ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣiṣẹ́, tàbí àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró, tàbí ilé-ìwé. Àwọn kan wà nílé tí wọn ò ríṣẹ́, bó ṣe wà nínú gbogbo ẹ̀kọ́. Àmọ́ nǹkan ń yí. Ní oṣù kìíní 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀, tó jẹ́ pé wèrè ni ó ń pe aláìsàn. Òfin yẹn fẹ́ kí ìtọ́jú sún mọ́ àwọn ará ìlú. Ta ni yóò bá ìyá kan ní Bọ́lọ́rundúró tàbí ní Ìdànrè sọ̀rọ̀, tí kò ní bi í bóyá ọkàn rẹ̀ wálẹ̀?

Ó dákẹ́. Ó wá ní òun ṣì fẹ́ dókítà. Mo ní kò burú, kí ọmọ fẹ́ ẹ náà ló ṣe pàtàkì. A yíjú sí ọmọ. Ó ní òun ti fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, nígbà tí ìyá ìyá òun ò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan tí wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é, tí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà, tí wọ́n padà wá sílé, òun fẹ́ mọ ohun tó ṣe é. Bàbá rẹ̀ ò mọ̀ pé ìdí nìyẹn. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ló pè mí. Wọ́n ti gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní owó ọdún àkọ́kọ́ lòun ṣèlérí o, ti ọdún kejì, a ó máa wò ó. Ó tún ní ọmọ ti kó bírò mẹ́ta, ó ti ń dààmú gbogbo ará ilé.

Ọmọ náà ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi láti ìgbà náà. Ó ní kí ni a ń pe irú ìbẹ̀rù tí kò ní ìdí, èyí tí kì í tán, tó máa ń jẹ́ kí àyà èèyàn máa lù kìkì kódà nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́? Mo kọ “àníyàn”, mo kọ “ìpayà”, mo kọ “àìfọkànbalẹ̀”, kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá. Ẹ̀yin ará Oǹdó, Ìdànrè, Ìkálẹ̀, Ọ̀wọ̀, àti ẹ̀yin ọmọ Àkókó tí èdè yín pọ̀ débi pé àwa onímọ̀ èdè ò tíì jà tán lórí iye rẹ̀, ẹ bi àwọn ìyá yín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan tí wọ́n ti lò ó. Mo máa kó wọn jọ fún un kó tó wọlé.